Kọ́bọ̀ mẹ́tàdínlọ́gọ́rin: bí ìpín Skye Bank ṣe di òfo

Ní ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ọjà ìpín-ìdókòwò l'Ékòó ṣí láàárọ̀, ó sì tú lọ́sàn-án bó ti máa ń ṣe. 77 kọ́bọ̀ ni ìpín Skye Bank wà nígbà tí ọjà tú. Ẹnikẹ́ni tó bá ta tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹlòmíì ló rà á, torí ọjà ìpín kì í fúnra rẹ̀ ra nǹkan kan. Bróókà kàn ń so olùtà mọ́ olùrà ni. Ẹni tó rà lọ́jọ́ Ẹtì yẹn gbà pé ọ̀pọ̀ lòun rà. Kó tó sùn lálẹ́, Godwin Emefiele, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, ti kéde pé àwọn ti gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ Skye Bank, Polaris Bank ló sì bọ́ sípò rẹ̀. Kí ẹni tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ fọkàn balẹ̀, kò sí kọ́bọ̀ tí yóò sọnù. Ẹni tó ní ìpín ńkọ́? Tirẹ̀ ti lọ.

Oríṣi èèyàn méjì ni ìṣẹ̀lẹ̀ yìí bá. Àwọn kan ti ní ìpín náà tipẹ́, láti ìgbà tí ara báńkì ṣì le, wọ́n kàn gbé e jókòó. Àwọn kan sì mọ̀ọ́mọ̀ rà á lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti gbọ́ pé báńkì náà ń ṣàìsàn. Àìsàn yẹn gan-an ni wọ́n rí tí wọ́n fi sún mọ́ ọn: bí ara rẹ̀ bá yá, wọ́n á jèrè. Àwọn kejì yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, torí n kò rò pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Ìṣirò ni wọ́n ṣe. Ibì kan ló ti wọ́ nínú ìṣirò náà.

Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ọmọ ẹni tí Skye ń ṣe. Nígbà tí Charles Soludo wà ní Báńkì Àpapọ̀, ó pàṣẹ lọ́dún 2004 pé báńkì tí ojú owó rẹ̀ kò bá tó bílíọ̀nù 25 náírà nígbà tí ọdún 2005 bá fi máa parí, kó lọ wá ẹlòmíì dara pọ̀ mọ́. Báńkì 89 ló wà nígbà yẹn. 25 ló kù nígbà tí eré náà parí. Márùn-ún nínú àwọn tó para pọ̀ ló di Skye Bank lọ́dún 2006: Prudent Bank, EIB International, Bond Bank, Reliance Bank àti Cooperative Bank. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa ń dùn mí jù. Ìbàdàn ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1953, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Ìwọ̀ Oòrùn ló sì ni ín, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin kòkó tó ń tà á. Owó oko ni ìpilẹ̀ rẹ̀. Ìpín Cooperative Bank wọnú Skye, ohun tó sì ṣe Skye ló ṣe é.

Lọ́dún 2014 ni Skye ra Mainstreet Bank lọ́wọ́ AMCON, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa ra gbèsè tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn báńkì. Nǹkan bí bílíọ̀nù 126 náírà ni wọ́n san. Ta ni Mainstreet yìí? Afribank ni, èyí tí àwọn àgbà mọ̀ sí IBWA. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìjọba gba Afribank, Bank PHB àti Spring Bank lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n yí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, àwọn onípìn-ín wọn sì lọ lọ́wọ́ òfo. Afribank kú, ó di Mainstreet. Mainstreet wọlé Skye. Skye náà kú, ó di Polaris. Bó bá jẹ́ ọmọ ni, ìyá rẹ̀ ì bá ti lọ sọ́dọ̀ babaláwo tipẹ́, torí àbíkú là ń pe èyí tó bá ń lọ tó ń bọ̀ báyìí.

Àsìkò tí Skye sanwó ọjà ńlá yẹn kò dáa rárá. Epo rọ̀bì tó ju 100 dọ́là lọ ní àárín ọdún 2014 já wálẹ̀ títí kò fi tó 30 dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016. Àwọn tó yá owó báńkì láti fi ṣòwò epo kò rí i san padà mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2015, ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo owó òun tó wà káàkiri àwọn báńkì kó jọ sí àpò kan ṣoṣo ní Báńkì Àpapọ̀; àwọn báńkì tí wọ́n ń fi owó ìjọba ṣẹran jẹ rí i pé ẹran ti tán nínú ìkòkò. Ní oṣù Kẹfà 2016 ni wọ́n wá tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa fúnra rẹ̀ dá iye lé e, dọ́là tó ń jẹ́ 197 náírà fò kọjá 280. Ẹni tó jẹ gbèsè dọ́là, gbèsè rẹ̀ wú sí i lóru ọjọ́ kan.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní 4 oṣù Keje, Báńkì Àpapọ̀ lé àwọn ọ̀gá Skye kúrò lórí ipò. Wọ́n fi Muhammad Ahmad ṣe alága, wọ́n sì fi Tokunbo Abiru, tó ti First Bank bọ̀, ṣe ọ̀gá àgbà. Wọ́n tún sọ fún aráàlú pé báńkì náà kò tíì dẹnu kọlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, etí méjì ló gbọ́ ọ. Ẹni tó ní owó níbẹ̀ gbọ́ "kí ẹnikẹ́ni má sáré", ó sì sáré lọ gba owó rẹ̀. Ẹni tó ń wá ìpín tí yóò rà gbọ́ "ìjọba ti wọ̀ ọ́", ó ní à á, ìjọba kò ní jẹ́ kó kú. Òtítọ́ ni pé ìjọba kò jẹ́ kó kú. Àmọ́ ohun tí ìjọba fẹ́ gbà là kì í ṣe ohun tí olùrà ìpín yìí rò, ibẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹ wo bí ojú ọjà ṣe rí nígbà náà. Ìpín tó ju náírà mẹ́ta lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014 ti wá ń rá pálá nítòsí 50 kọ́bọ̀. Òfin àtijọ́ kan sì wà ní ọjà wa pé ìpín kò gbọdọ̀ tà ní iye tó kéré sí èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nígbà tí wọ́n dá a. 50 kọ́bọ̀ ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ ìpín báńkì. Nítorí náà, báńkì ì báà máa jóná, 50 kọ́bọ̀ ni pátákó ọjà yóò máa sọ. Olùtà á tò bí èrò ọkọ̀, kò ní rí olùrà, iye náà kò ní yẹ̀.

Ohun tí òfin yìí ṣe sí orí èèyàn ni kó o wò. Ẹni tó bá ń wo fóònù rẹ̀ rí 50 kọ́bọ̀ lónìí, ó rí 50 kọ́bọ̀ lọ́la, ó tún rí i lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní: ilẹ̀ nìyí, ibo ló tún fẹ́ já sí? Bó bá lọ sókè díẹ̀ pẹ́ẹ́, èrè ni. Bí kò bá lọ, owó mi ṣì wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu èèyàn tó kàwé dáadáa. Kò mọ̀ pé òfin ló di iye yẹn mú, pé kì í ṣe pé ẹnì kan ṣe tán láti san án. Ilẹ̀ tí kò sí olùrà lórí rẹ̀, ilẹ̀ wo nìyẹn?

Kọ́bọ̀ tún ní idán tirẹ̀. Ká sọ pé èèyàn ní 50,000 náírà. Bó bá kó o lọ ra ìpín tó ń jẹ́ 250 náírà, 200 péré ni yóò rí gbà. Ojú rẹ̀ kò ní kún. Ní 50 kọ́bọ̀, ọ̀kẹ́ márùn-ún ìpín, 100,000, ni bróókà yóò kọ sí i lórúkọ. Bí iye náà bá fi kọ́bọ̀ márùn-ún péré lọ sókè, ìdá mẹ́wàá èrè ti wọlé, ìyẹn 5,000 náírà, láàárín ọjọ́ kan. Báńkì wo ló ń san ìdá mẹ́wàá lọ́dún lórí owó ìfipamọ́ kékeré nígbà náà? Ẹni tó bá ti jẹ irú èyí lẹ́ẹ̀kan, ó nira kó tó tún gbọ́ ìmọ̀ràn. Kò sì rí i pé bó ṣe rọrùn tó fún kọ́bọ̀ márùn-ún láti gùn, bẹ́ẹ̀ ló rọrùn tó fún un láti já.

Oṣù Kìíní ọdún 2018 ló gbóná jù. Ọjà gbogbo ń fò sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, àwọn ìpín kọ́bọ̀-kọ́bọ̀ ló sì ń jó jù nínú wọn. Skye kúrò ní 50 kọ́bọ̀, ó kọjá náírà kan láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó ra 100,000 ìpín ní 50,000 náírà rí i pé owó òun ti lé ní 100,000. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí báńkì náà fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn? Kò sí. Ẹni tó jẹ ẹ́ lówó kò san, ẹni tó fẹ́ dókòwò tuntun sí i kò yọjú. Iye ló ń pe èèyàn wá, èèyàn tó wá ló ń gbé iye lọ sókè. Ní ìparí oṣù kan náà, ọjà pa òfin 50 kọ́bọ̀ rẹ́, ó ní ìpín lè já títí dé kọ́bọ̀ kan. Àwọn ìpín kan tí kò rí olùrà tẹ́lẹ̀ ṣàn wálẹ̀ bí omi tí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn fún. Skye kò já tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí: ṣebí ẹ rí i, òfin ti kúrò, síbẹ̀ kò já!

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ kò pọ̀. Wọ́n á ní báńkì tó tóbi báyìí, ìjọba kò lè jẹ́ kó wó. Wọ́n á ní ẹnì kan láti òkè òkun yóò wá rà á, a ti gbọ́ pé wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á rántí pé nígbà wàhálà báńkì ti ọdún 2009 sí 2011, Access ló gba Intercontinental, Ecobank gba Oceanic, FCMB gba FinBank, àwọn onípìn-ín àwọn báńkì yẹn sì rí nǹkan díẹ̀ mú relé. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọ̀nà méjì ni ọdún 2011 gbà, ti Afribank sì ni ọ̀nà kejì. Èèyàn a máa rántí èyí tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ì bá ti rí láìjẹ́ bróókà. Skye kò gbé ìwé ìṣirò owó ọdún 2016 jáde, kò gbé ti 2017 jáde. Ẹni tó ra ìpín rẹ̀ ní 2018 ń ra ilé tí onílé kò jẹ́ kó wọ inú rẹ̀ láti bí ọdún méjì. Kì í sì í ṣe àṣírí: ọjà ìpín a máa so àmì mọ́ ara orúkọ ilé-iṣẹ́ tí kò bá mú ìwé wá lásìkò, kí olùrà lè mọ ohun tó ń kó ọwọ́ bọ̀. Lójú tèmi, báńkì tí kò lè fi ìwé hàn ti fi ohun tó wà nínú ìwé náà hàn. Ìyàwó ilé tó ń dá àjọ kò ní fún alájọ tó kọ̀ láti ṣí káàdì ní owó oṣù kejì. Ṣùgbọ́n lórí ìpín, a máa ń ṣe bí ẹni pé ìṣirò ti àwọn ọ̀mọ̀wé ni.

Láti ọdún 2016 títí di 2018, Báńkì Àpapọ̀ ló ń tì í lẹ́yìn, tó ń yá a lówó kó lè máa dá àwọn oníbàárà lóhùn. Nígbà tó yá, wọ́n ní báńkì kò lè máa fi owó ẹ̀yáwó mí títí láé. Ojú owó rẹ̀ ti jó tán. Àwọn tó ni ín kò rí owó tuntun gbé wá. Bí ọjọ́ Ẹtì náà ṣe dé nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ṣe é yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n lò fún Afribank, wọ́n sì tún lè lò ó lọ́la. NDIC, àjọ tó ń ṣe adójútòfò owó inú báńkì, dá báńkì tuntun sílẹ̀, wọ́n ń pè é ní báńkì afárá, èyí tí àwọn oníbàárà yóò gbà kọjá. Wọ́n kó owó ìfipamọ́ gbogbo wọn sọ́dọ̀ báńkì tuntun náà, wọ́n kó àwọn ẹ̀ka, àwọn ẹ̀rọ tó ń pọwó àti àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀. AMCON wá ra báńkì afárá náà, ó da bílíọ̀nù 786 náírà sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, oníbàárà dé ẹ̀ka tó máa ń lọ, ó rí gáádì tó mọ̀, ó rí tábìlì àná, Abiru ṣì ni ọ̀gá. Orúkọ nìkan ló yí.

Skye fúnra rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí ìpín wà lórí rẹ̀, kò kọjá lórí afárá. Òun ló kù sẹ́yìn pẹ̀lú gbèsè rẹ̀, bí ìkarahun tí wọ́n ti yọ ìgbín inú rẹ̀. Ìkarahun yẹn ni onípìn-ín ní. Òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ san ti gbogbo àwọn tí báńkì jẹ lówó kí ó tó kan onípìn-ín, kò sì sí ohun tó lè ṣẹ́ kù. NDIC ń dáàbò bo ẹni tó fi owó pamọ́; kò sí adójútòfò kankan fún ẹni tó ra ìpín, kò sì sí ìgbà kan tó wà. Ní ọjọ́ Ajé yẹn kan náà, 24 oṣù Kẹsàn-án, ọjà ìpín dá káràkátà lórí Skye dúró.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ìpín Skye tó wà níta jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 13.88. Sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 77 kọ́bọ̀: nǹkan bíi bílíọ̀nù 10.7 náírà. Iye tí ọjà ní gbogbo báńkì náà tó nìyẹn ní aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ihò tí AMCON dí ní alẹ́ jẹ́ bílíọ̀nù 786. Ihò náà fi ìlọ́po tó ju àádọ́rin lọ tóbi ju iye tí wọ́n ń tà á. Nítorí náà, 77 kọ́bọ̀ kì í ṣe ọ̀pọ̀. Ọ̀wọ́n ni. Kọ́bọ̀ kan gan-an ì bá ti wọ́n jù. Àwọn tó ń rà á ń fi 77 kọ́bọ̀ wé náírà mẹ́ta ti ọdún 2014. Kò sí ẹni tó fi í wé gbèsè inú rẹ̀, torí kò sí ìwé tí wọ́n lè fi wé e.

Ẹnì kan á bi mí pé, àwọn tó ta tiwọn lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbọ́ ni? N kò ní fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Àmọ́ Yorùbá ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, ọjà ìpín ni mo ti rí ìtumọ̀ rẹ̀ jù.

Ó yẹ kí ìtàn yìí ti lé àwọn èèyàn sá fún ìpín báńkì tí ara rẹ̀ kò yá. Kò rí bẹ́ẹ̀, Diamond Bank sì ni ìdí. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí Skye kú, Access Bank ní òun fẹ́ gba Diamond. Diamond náà ti ń rọ́jú pẹ̀lú gbèsè tó bàjẹ́, ìpín rẹ̀ sì wà ní 87 kọ́bọ̀ ní 13 oṣù Kejìlá, kọ́bọ̀ mẹ́wàá péré ló fi ju ti Skye lọ. Access ní òun yóò san náírà kan lówó lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, òun yóò sì fi ìpín Access méjì kún un fún méje ti Diamond. Tí wọ́n bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, náírà 3.13 ni. Ẹni tó ra 100,000 ìpín ní 87,000 náírà di olówó 313,000.

Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, èèyàn méjì lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan ra Skye, kí èkejì ra Diamond, kí àwọn méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ kan náà: báńkì ńlá ni, ìjọba kò ní jẹ́ kó kú, ẹnì kan yóò rà á. Ọ̀kan pàdánù gbogbo owó rẹ̀. Èkejì ń ṣe bọ̀bọ́ kiri àdúgbò, ó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ra ìpín. Ìyàtọ̀ kan wà tó ṣeé tọ́ka sí: Diamond ṣì ń gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ jáde, ẹni tó fẹ́ rà á rí inú rẹ̀ kó tó dá iye lé e. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ìyẹn ni ọ̀pọ̀ wò kí wọ́n tó rà. Ẹni tó jèrè Diamond kò mọ̀ pé orí ló yọ òun. Ẹni tó pàdánù Skye kò gbà pé òun ṣìṣe, ó ní ìjọba ló jí owó òun.

Lórí ẹ̀sùn yẹn, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ibì kan. Báńkì Àpapọ̀ wà nínú ilé Skye fún ọdún méjì, ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọjà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu ní gbogbo àsìkò náà kí àwọn tí kò mọ̀ máa rà. Bí wọ́n bá ti dá káràkátà dúró nígbà tí ìwé ìṣirò 2016 kò jáde, iye èèyàn tí ì bá ti bọ́ kò ní kéré. Wọ́n á ní ìyẹn ì bá dá ìjáyà sílẹ̀ láàárín àwọn oníbàárà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n fi olùrà ìpín ṣe aṣọ tí wọ́n fi bo ojú fèrèsé kí àwọn ará ìta má bàa rí inú yàrá.

Polaris ṣe ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ ìjọba. Ní oṣù Kẹwàá 2022, wọ́n tà á fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Strategic Capital Investment Limited. Wọ́n san bílíọ̀nù 50 náírà lọ́wọ́, wọ́n sì gbà láti san gbèsè tó lé ní tírílíọ̀nù kan padà láàárín ọdún 25. Kò sí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀ fún ẹni tó ní ìpín Skye, ì báà ṣe ẹni tó rà á ní 77 kọ́bọ̀, ì báà ṣe ọmọ àgbẹ̀ Ìbàdàn tó jogún ti Cooperative Bank lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.